Iyùn Ọrùn Ìyá Àgbà: Òkúta Ni Àbí Ẹranko?

Lọ́jọ́ kẹta tí a ṣe ìnáwó òkú Ìyá Àgbà tán ní agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà'ba, àwọn àgbà pè wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí á pín ẹrù. Aṣọ kò dá ìjà sílẹ̀. Abọ́ tánganran kò dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí gbogbo wa ti ń fura sí, ọmọ tó mọ aṣọ í rán nínú wa ni wọ́n gbé e fún, ó bùṣe. Ìgbà tí àbúrò olóògbé tú ìdì àdìrẹ kékeré kan, tó fa iyùn jáde nínú rẹ̀, ni ilé pa rọ́rọ́.

Okùn kan ṣoṣo ni. Ẹyọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀, pupa fòò. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ti àárín nípọn tó ìka àgbà. Ọmọ márùn-ún ni Ìyá Àgbà fi sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: márùn-ún márùn-ún kárí, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí ló fẹ́ tú ilé wa ká.

Bàbá kan nínú àwọn àgbà ní kí á gé okùn, kí oníkálukú mú tirẹ̀, kí á gbé ẹyọ tó ṣẹ́kù lọ tà lọ́jà, kí á fi owó rẹ̀ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ ilé. Ìyá Ìbejì, àkọ́bí olóògbé, fárígá. Ó ní, "Ẹ gé e, ẹ ti pa á nìyẹn. Ìyá mi kò gé e nígbà tí ìyá tiẹ̀ kú."

Ibẹ̀ ni bùrọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dá sí ọ̀rọ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbé London. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú o. Iyùn kan ń bẹ nílé mi lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé bí mo bá fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, kì í kú. Ńṣe ló ń di méjì."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tó ní kí á gé okùn bi í pé kí ló mu kó tó wọlé. Ó yọ fóònù jáde, ó fi àwòrán hàn wá: àpótí gíláàsì kan tí omi kún inú rẹ̀, iná aláwọ̀ aró ń tàn lé e lórí, ohun kan bí olú sì dúró lórí òkúta nínú omi náà, ìka wẹ́wẹ́ bo orí rẹ̀ pátá. Ìyá Ìbejì wò ó títí, ó dá fóònù padà fún un. "Olú lèyí, ọmọ mi. Lọ fi se ọbẹ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí mo wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ti fi irú ẹ̀rín kan náà rín dókítà kan, òun ló sì jàre wọn nígbẹ̀yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí ohun tó wà lọ́rùn ìyá oníkálukú wa lọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ká kọ́kọ́ bi ara wa: báwo ni iyùn ṣe dé Ìbàdàn? Ìlú wa kò sí létí òkun. Láti òkè Mápó dé etí òkun Èkó lé ní 120 kìlómítà. Síbẹ̀ ohun inú òkun ti ń wọ ìlú yìí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná, ìkarahun ẹran omi ni. Láti erékùṣù Maldives àti etí òkun Zanzibar ni ọkọ̀ òyìnbó ti ń kó o wá. Ẹrú àti epo ni wọ́n ń fi í rà lọ́wọ́ wa, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Ọjà'ba tìkára rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ mọ́ Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run tó kú ní 1847, wọ́n ti ka owó ẹyọ níbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́.

Iyùn bá ọ̀nà kan náà wá. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú àti ti Èkó ló ń gbé e gòkè. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ẹrù etí òkun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà bó ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ti ní iyùn sápótí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ní kúrò ní kékeré.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú aládé látilẹ̀wá. Ìlú ológun ni; akin ló ń jẹ oyè níbẹ̀, wọn kì í béèrè ọmọ ọba. Ọdún 1936 ni Baálẹ̀ Ìbàdàn tó di ẹni tí à ń pè ní Olúbàdàn. Nígbà tó sì di ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 2023, Olúbàdàn Lékan Balógun gbé adé lé àwọn ìjòyè àgbà lórí ní gbọ̀ngàn Mápó. Níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, adé lojú gbogbo èèyàn máa ń lọ sí. Bẹ́ẹ̀ adé, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń to ó. Iyùn tó rọ̀ sí ọrùn, tó yí ọwọ́ ká, òun ló ti wà láàyè rí.

Níbo ló ti wà láàyè? Àwọn ará Bìní ní ìtàn tiwọn: wọ́n ní Ọba Ewuare, tó gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1440, ló gba iyùn lọ́wọ́ Olókun ní Ughoton. Àwọn òpìtàn òyìnbó ní tiwọn: wọ́n ní àwọn Potogí tó dé Bìní ní nǹkan bí 1485 ni wọ́n ń gbé e wá. Tèmi ni pé ìtàn méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Ughoton ni èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá dúró létí omi níbẹ̀ tó rí ẹrù pupa tó ń jáde látinú ọkọ̀, ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe olówó omi?

Òkun Èkó kọ́ ni iyùn pupa yìí ti ń wá. Odò tó ń ya wọnú òkun tiwa pọ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn iyùn tó ń di òkè ńlá lábẹ́ omi kò fẹ́ ẹrẹ̀ rárá. Òkun Mẹditarénìà ni ilé iyùn pupa, láàárín ilẹ̀ Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà: létí Sardinia, Sicily, Corsica, Tunisia àti Algeria. Àwọn ará Marseille ní ibùdó kan ní La Calle ní ilẹ̀ Algeria, iṣẹ́ kí wọ́n máa fa iyùn wà lára ohun tí wọ́n ń bá ibẹ̀ lọ. Ìlú Torre del Greco, lábẹ́ òkè oníná Vesuvius nítòsí Naples, ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń lu ú, tí wọ́n ń dán an, ilẹ̀ wa sì wà lára ibi tí wọ́n ń tà á sí. Ọmọ Ìbàdàn tó bá wọ iyùn, ọwọ́ ará Ítálì ló ti kọjá.

Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn tó ń fa iyùn àti àwọn tó ń gbẹ́ ẹ kò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé koríko ni, pé ó rọ̀ nínú omi, pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di òkúta. Ẹ̀rí tó dà bíi pé ó kín wọn lẹ́yìn wáyé ní nǹkan bí 1706. Ìjòyè kan ní Ítálì, Luigi Ferdinando Marsigli, bá àwọn apẹja jáde létí gúúsù Faransé. Dípò kó jẹ́ kí iyùn gbẹ sínú ọkọ̀, ó ki ẹ̀ka kan bọ inú ohun èlò gíláàsì tí omi òkun wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ yọ lára ẹ̀ka náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́jọ. Marsigli kígbe ayọ̀: òun ti rí òdòdó iyùn! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ní 1725. Ẹ fi gíláàsì yẹn sọ́kàn o, torí òun àti àpótí bùrọ̀dá mi, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Jean-André Peyssonnel ni dókítà tí mo ń sọ. Ìlú Marseille ni wọ́n ti bí i ní 1694. Ó wo iyùn létí Marseille ní 1723, ó tún bá a dé etí òkun Algeria àti Tunisia ní 1725. Òun náà fi ẹ̀ka tútù sínú omi òkun, ó sì jókòó tì í. Òdòdó Marsigli yọ lóòótọ́. Ó fọwọ́ kàn án: òdòdó sá wọlé. Ó gbé e kúrò nínú omi: ó sá wọlé. Ó dá a padà, ó fi í lọ́rùn sílẹ̀: ó tún yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ ìgbín mọ́lẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tó ń sọ. Òdòdó wo ló ń sá fún ọwọ́? Peyssonnel ní ẹranko ni, ewé mẹ́jọ yẹn, ọwọ́ mẹ́jọ ni, ohun líle pupa tí à ń gbẹ́ yìí sì jẹ́ egungun tí àìmọye ẹranko kékeré jùmọ̀ kọ́.

Ó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Réaumur, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, kò gbà á. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà síta ní 1727, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ Peyssonnel pamọ́. Ó ní iyì tí òun ń fún ọkùnrin náà ni kò jẹ́ kí òun dárúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹ̀gàn tó wọ aṣọ iyì! Peyssonnel kó ẹrù rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ dókítà ọba ní erékùṣù Guadeloupe.

Ohun tó gbà á sílẹ̀, ọ̀bẹ ni, kì í sì í ṣe ọ̀bẹ tirẹ̀. Abraham Trembley, ọmọ Geneva tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjòyè kan níwèé nítòsí The Hague, rí ohun aláwọ̀ ewé kékeré kan nínú omi odò. Kò mọ̀ bóyá ewéko ni tàbí ẹranko. Ó dá a rò pé bí òun bá gé e, tí apá méjèèjì bá yè, a jẹ́ pé ewéko ni, bí igi gbágùúdá. Bí wọ́n bá kú, ẹranko ni. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá 1740 ó gé e sí méjì. Apá tó ní orí hu ìdí, apá tó ní ìdí hu orí. Ewéko nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n ohun náà ń rìn, ó ń fi ọwọ́ mú kòkòrò, ó ń jẹ ẹ́, kò sì sí ewéko tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Trembley. Gbogbo Yúróòpù gbọ́. Réaumur fúnra rẹ̀ gé tirẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Òun ló sọ ohun náà ní pólíìpù, orúkọ tí à ń pe irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Bí ẹranko kan bá lè hù bí igi, kí ló dé tí iyùn kò fi ní jẹ́ ẹranko? Bernard de Jussieu, tí òun náà ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, lọ sí etí òkun Normandy ní 1741, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní 1742 Réaumur jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀, ó dárúkọ Peyssonnel lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin náà ti wà lókèèrè. Ní 1751 ó fi ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láti Guadeloupe sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé London, wọ́n sì tẹ ìwọ̀nba rẹ̀ jáde. Ó kú ní 1759.

Mo sọ gbogbo èyí fún bùrọ̀dá mi lórí fóònù nígbà tó padà sí London. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá láre ní kóòtù. Ni mo bá ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é gan-an, nítorí mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò gbọ́ yé.

Ó ní àpótí gíláàsì nínú ilé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja onígíláàsì ní 1853. Ọdún kejì ni Philip Henry Gosse gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí rẹ̀, ni àwọn olówó bá ń gbé omi òkun sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí iyùn ilẹ̀ olóoru tó lè gbé inú rẹ̀. Ní 1961 ni Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonesia, ṣàlàyé fún gbogbo ayé pé òun kì í fi ẹ̀rọ da omi òun láàmú: òkúta tí ohun ẹlẹ́mìí kún, oòrùn, àti afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń hó nínú omi ti tó. Nígbà tí àwọn oníṣòwò wá ń ta iyọ̀ tí èèyàn lè pò mọ́ omi lásán kó di omi òkun, ẹni tó jìnnà sétí òkun náà lè máa sin iyùn. Gíráàmù 35 nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan ni, kó má fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù, kó má sì dín.

Irú tí bùrọ̀dá mi ń sin, iyùn rírọ̀ ni. Kò ní egungun gidi. Ohun wẹ́wẹ́ líle bí iyanrìn ló fọ́n ká inú ẹran ara rẹ̀. Nínú ẹran ara yìí kan náà ni ewéko tí ojú kò lè rí ń gbé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, tó sì ń bu fún onílé rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ máa tàn lé e lórí ní wákàtí tó pọ̀ lójúmọ́. Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 27 lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wá sin ín ní Bẹẹrẹ lóṣù Kẹta." Ó ní á ní láti ní ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, á sì ní láti ní jẹnẹrétọ̀, nítorí bí iná bá lọ tí omi kò rú mọ́, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó máa kú. Ẹja àrọ̀ tí à ń sin sínú kọnkéré lẹ́yìnkùlé a máa fara da omi tó dàrú. Iyùn kì í gba irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń gé e nìyí. Èyí tó dà bí olú ni mo bi í. Ó ní òun máa ń yọ ọ́ kúrò nínú omi pẹ̀lú òkúta rẹ̀, òun á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, òun á bo ojú. Ó ti fà ara rẹ̀ jọ nígbà náà, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ti sá wọlé, ó ń yọ̀ bí ilá. Abẹ tuntun tó mú ló ń lò. A lè gé etí orí rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gé etí ọ̀jọ̀jọ̀, a sì lè gé orí náà kúrò pátápátá. Ìdí tó ṣẹ́kù lórí òkúta á hu orí mìíràn. Wọ́n á ṣan èyí tí wọ́n gé nínú omi òkun mímọ́. Aṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fi súpàgúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní lẹ̀. Ara rẹ̀ ń yọ̀. Inú abọ́ kékeré tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ló ń kó wọn sí, á fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀, á gbé e síbi tí omi kò ti rú jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹran náà á ti fúnra rẹ̀ di òkúta kan mú. Ìgbà yẹn ni súpàgúlù tó wúlò: òkúta ló ń lẹ̀ mọ́ òkúta.

Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ kì í kú. Ó ní ó máa ń bínú ni. Á di ojú fún ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ á bó bí ara ejò, inú omi á dàrú nítorí oje tó ń tú síta láti fi bá aládùúgbò jà. Èèyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn náà á tún la ọwọ́, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó kìlọ̀ fún mi nípa àwọn kan tó dà bí òdòdó tí wọ́n tò sórí òkúta, tí oró wà nínú wọn. Ní England ní 2018, ìdílé kan di èrò ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń fọ òkúta tí irú ẹ̀ wà lórí rẹ̀ nínú ilé. Ẹ má gbàgbé ìbọ̀wọ́ náà.

Ṣé iyùn rírọ̀ yìí wá jẹ́ ẹbí iyùn Ìyá Àgbà lóòótọ́, àbí orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀? Mo rò pé orúkọ ni. Mo ṣìnà. Ẹbí tó súnmọ́ra ni wọ́n. Àwọn iyùn ńláńlá tó ń di òkè lábẹ́ òkun, ọwọ́ wọn máa ń lọ ní mẹ́fà-mẹ́fà. Ṣùgbọ́n olú bùrọ̀dá mi ní ọwọ́ mẹ́jọ lára pólíìpù kọ̀ọ̀kan, iyùn pupa Mẹditarénìà ní ọwọ́ mẹ́jọ, àwọn ewé mẹ́jọ tí Marsigli kà nínú gíláàsì rẹ̀. Inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ìyá Ìbejì ti kọ ìbátan ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí oníkálukú ṣe ń dàgbà. Iyùn rírọ̀ lè ti di odidi láàárín oṣù díẹ̀. Iyùn pupa ń gbé inú òkùnkùn, nínú ihò àpáta àti ní ibi jíjìn. Kò gba ewéko kankan sára, ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń jẹ. Kò rọrùn láti sin sínú pálọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin mílímítà kan nípọn sí i lọ́dún. Mo fi rúlà wọn ọ̀kan nínú àwọn tó wà láàárín okùn Ìyá Àgbà: mílímítà 15. Ìyẹn ni pé kò dín ní ọgọ́ta ọdún tí ẹyọ kan ṣoṣo yẹn fi wà lábẹ́ omi kí apẹja tó fà á, mi ò tíì ka èyí tí ará Ítálì fi agọ gbẹ́ dànù. Ọmọ kan tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí iyùn náà bẹ̀rẹ̀ á ti ní ọmọ ọmọ.

Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fà á kò fi ti ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe. Igi méjì ni wọ́n ń dè ní àgbélébùú, wọ́n á so àwọ̀n àti òkúta mọ́ ọn, ọkọ̀ á máa wọ́ ọ nílẹ̀ òkun. Ó ń fà, ó ń fọ́, èyí tó sọnù sísàlẹ̀ pọ̀. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó wà nínú ìṣọ̀kan fòfin de irin iṣẹ́ yìí ní 1994. Látìgbà náà, àwọn òmùwẹ̀ nìkan ló kù, pẹ̀lú àwọn olè. Ní Spain ní 2011, wọ́n gba iyùn pupa tútù lọ́wọ́ àwọn tó jí i, àwọn onímọ̀ sì gbé e padà sábẹ́ òkun, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta bí bùrọ̀dá mi ṣe ń lẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ṣì wà láàyè. Wọ́n kàn kéré ni. Àwọn onímọ̀ náà ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ló máa gbà kí wọ́n tó di àgbà.

Ti àwọn tó ń dàgbà kíákíá, ìjọba kan tilẹ̀ ti gbé òwò lé e. Indonesia, tó wà lára ibi tí iyùn ààyè inú àpótí gíláàsì ti ń jáde jù, dá títà rẹ̀ sókè òkun dúró ní 2018. Nígbà tó tún ṣí i ní ọdún 2020, èyí tí wọ́n gé tí wọ́n sì gbìn ló fàyè gbà. Ọ̀bẹ Trembley ti di oko.

Kí n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà'ba kó wá sọ iye tí ẹyọ tó ṣẹ́kù lè pa. Ó ní òun kò lè dá owó lé e láìdán an wò, pé rọ́bà ti pọ̀ lọ́jà. Ó fi ẹyọ kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó tutù. Ó fi eyín họ ọ́. Ó wá ní kí wọ́n fún òun ní ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyá Ìbejì kígbe, ṣùgbọ́n ẹ̀kán ti bọ́ sórí ìyùn. Ó hó fùú, bí ó ṣe máa ń hó lára èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín. "Iyùn ni," ni ìyá náà wí. Nígbà tó dárúkọ iye, gbogbo wa wo ara wa lójú. Bàbá tó ní kí á ta á ló kọ́kọ́ ní kí á má tà á.

Wọn kò gé okùn. Wọ́n fẹnu kò pé á máa gbé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, láti orí àkọ́bí lọ sórí àbíkẹ́yìn, kó tún padà sókè. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Bẹẹrẹ ló wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹyọ tí ọsàn kàn kò dán mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń dá a mọ̀.

Bùrọ̀dá mi ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti London. Olú kan ọjọ́sí ti di mẹ́fà, ó ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní méjì. Mo gbé e lọ han Ìyá Ìbejì nígbà tí mo lọ kí i. Ó gbé awò sójú, ó wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ṣé ó ti ń le báyìí?"

Mo ní, "Rárá, Mọ̀mí. Kì í le."

Ó ní kí n sọ fún un kó rọra máa gé e.